Hítà omi tí kò ní táńkì: kí a tó náwó sí i nílé

 

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti kòkòrò inú oko. Láti ìgbà tí a ti ta adìẹ ọdún tán ni àwọn ènìyàn ti ń pè wá, tí wọ́n ń béèrè pé, "Ọ̀gá ADP, hítà kékeré tí wọ́n ń gbé mọ́ ògiri balùwẹ̀ yẹn, èyí tí kò ní táńkì, ṣé ó dára?" Owó ti wọlé díẹ̀, ọyẹ́ sì ń mú, a ò lè dá wọn lẹ́bi. Àwa náà ti ń rò ó nílé wa ní Ìkẹ́nnẹ́ láti oṣù kọkànlá. A ṣírò rẹ̀ bí a ṣe máa ń bá yín ṣírò oúnjẹ adìẹ: kí ló ń jẹ, kí ló ń mú jáde, ibo ni owó ń gbà jò. Ohun tí a rí ni a fẹ́ kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá. Màmá wa ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Obì ni wọ́n tà láyé wọn, wọ́n á ra gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé, wọ́n á kó o lọ fún àwọn Hausa ní Sábó Ṣàgámù. Jíjókòó lórí àpótí láti máa bó obì, láti máa ṣà á, ọdún gbọọrọ, orúnkún ti rí ìyà. Ní àsìkò ọyẹ́, bí wọn ò bá fi omi gbígbóná wẹ̀ ní ìdájí, ẹsẹ̀ ò ní ṣeé nà títí oòrùn á fi yọ. Aago márùn-ún kì í bá wọn lórí ibùsùn. Wọ́n á gbé kẹ́tùrù kaná, wọ́n á fọwọ́ ara wọn gbé e láti kíṣíìnì dé balùwẹ̀. A ti ka ìṣísẹ̀ náà: mẹ́rìnlá ni, àtẹ̀gùn kan wà láàárín, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ sì máa ń tutù. Ẹ ò gbọdọ̀ bá wọn gbé e o. "Ṣé mo ti yarọ ni?" ni èsì tí ẹ máa gbà. Àwọn ọmọ á sì ti máa jí nígbà yẹn, wọ́n á máa sáré kiri. Omi tó ń hó, ẹsẹ̀ tí kò dúró dáadáa, ọmọ kékeré nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí omi gbígbóná bó rí, kò ní bi wá pé kí ló ń jí wa lójú oorun.

Ìyàwó wa rí hítà yìí nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ṣàgámù. Bó ṣe dé, ó ní, "Dáàdì, ẹ jẹ́ ká rà á fún Màmá. Ẹ ṣí ẹ̀rọ, omi gbígbóná dé. Ó tán!" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ la kọ́ ní poli, a kì í ṣe oníná, ṣùgbọ́n ìṣirò ò ní ti ẹnì kan nìkan.

Ẹ mú bírò. Yúníìtì iná 1 lè gbé lítà omi 860 gbóná sí i ní dígírì kan. Omi inú táńkì orí òkè wa ní ìdájí máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 26. Omi ìwẹ̀ tó tu ni lára kò ju 40 lọ. Ìyẹn ni pé dígírì 14 ni a fẹ́ fi kún un. Garawa kan jẹ́ lítà 20. 20 lọ́nà 14 jẹ́ 280. Ẹ fi 280 pín 860, ẹ ó rí i pé yúníìtì 1 ń gbé garawa 3. Bí ọyẹ́ bá mú gan-an tí omi wálẹ̀ sí 22, á dín sí garawa méjì àti díẹ̀.

Ìṣirò yìí ò mọ orúkọ ẹni tó ṣe hítà. Ẹ fi kẹ́tùrù oníná gbé e ni o, ẹ ti ríìngì bọ garawa ni o, ẹ fi èyí tí kò ní táńkì ṣe é ni o, omi kan náà ń jẹ iná kan náà. Àwọn tó ń sọ pé hítà yìí "ń jẹ iná jù" kò parọ́ tán, wọn ò sì sọ òótọ́ tán. Ohun tó ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan pọ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú rẹ̀ kì í pọ̀. Ibi tó ti lè kó wa sí gbèsè ni pé ẹni tó ń wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà kì í mọ ìgbà tí garawa kún. Ẹni tó bá ń kọrin nínú balùwẹ̀ á lo garawa méjì kó tó rántí ọṣẹ.

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn oníbáńdì A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí iná wọn máa wà fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, láti 68 naira sí 225 naira fún yúníìtì kan. Wọ́n ti tún un ṣe díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ kò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi 225 yẹn ṣe é: garawa kan di 75 naira. Ilé ènìyàn márùn-ún tó ń wẹ omi gbígbóná ní àárọ̀ nìkan á ná 375 naira lójúmọ́, 11,250 naira lóṣù. Àwa tí a ò sí ní báńdì A, yúníìtì wa kò tó 70 naira. Ẹ jẹ́ ká fi 66 ṣe é kó lè rọrùn: garawa kan di 22 naira, oṣù di 3,300.

Gáàsì ńkọ́? Kílò kan, bí ìdajì ooru rẹ̀ bá wọnú ìkòkò tí ìdajì yòókù bá afẹ́fẹ́ lọ, á gbé nǹkan bíi garawa 19. Bí ẹ bá ra kílò ní 1,200 naira, garawa kan ń lọ sí 63 naira. Igi ìdáná kò ní owó lórí fún ẹni tó ní oko, ṣùgbọ́n ojú Màmá ò gba èéfín mọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nítorí náà, iná àwa tí a ò sí ní báńdì A ló rẹlẹ̀ jù lówó. Bí ẹ bá kà á débí, ẹ ó ní kí a lọ rà á. Àwa náà ti fẹ́ máa lọ. Bọ̀dá oníwáyà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣì dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ wo irú iná tí ẹ ń rí láago márùn-ún."

A yá mítà tí wọ́n fi ń wọn fóltéèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń jí wò ó. Nínú àárọ̀ 14, iná ò sí rárá ní 5. Ní 7, ó wà láàárín 150 sí 175, ohun tí gbogbo wa ń pè ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Àárọ̀ 2 péré ló kọjá 200. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èyí ń ṣe fún hítà. Èyí tí ìyàwó wa rí jẹ́ wáàtì 3,500, bí iná bá jẹ́ 220. Bí iná bá wálẹ̀ sí 160, ẹ ó rò pé ooru á dín ní bíi ìdá mẹ́rin. Rárá o. Ìlọ́po ni ìdínkù yẹn ń bá ara rẹ̀ ṣe: wáàtì 3,500 á di bíi 1,850. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì. Garawa tó yẹ kó gbóná ní ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀ á di ìṣẹ́jú mẹ́wàá ààbọ̀. Nítorí pé omi ń ṣàn lọ ni, hítà ò ní ibi tó ti máa dúró dè é. Bí ẹ kò bá din omi kù kó máa ro tótó, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa jáde. Lọ́wọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn, nínú ọyẹ́, omi wọ́ọ́rọ́ kò yàtọ̀ sí omi tútù. Ní àárọ̀ 5 tí iná ò sí, kẹ́tùrù náà ni a ó padà sí.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e. Wáàtì 3,500 ju agbára 2.5kVA tí ọ̀pọ̀ wa ní nílé lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi sólà sí ilé adìẹ, tí ínfátà yín tó 5kVA, ó lè gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ẹ bá pa ẹ̀rọ omi àti fíríìsà ná. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ọ̀rọ̀ wáyà la ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Wáàtì 3,500 ń fa nǹkan bíi amp 16. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 amp ara ògiri ò ṣe é fún un, á máa gbóná títí á fi yọ́. Èyí tó jẹ́ 5,500 ń fa amp 25. Wáyà tirẹ̀ nìkan, tó nípọn, ló gbọ́dọ̀ ti inú bọ́ọ̀dù wá, pẹ̀lú súìsì tirẹ̀. Ilé gbọ́dọ̀ ní áàtì: irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wáyà rẹ̀ dé ara hítà ní tòótọ́, kì í ṣe wáyà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ká sínú ògiri láìso ó mọ́ ohunkóhun. Ẹ tún ní kí wọ́n fi ELCB sí i, súìsì tó ń já fúnra rẹ̀ ní kíá bí iná bá ń jò sínú omi. Bọ̀dá oníwáyà yẹ ilé tí a ń gbé wò. Wáyà áàtì wà nínú ògiri lóòótọ́, irin kò sí nílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ kí a tó gbà á. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ pé kò sí hítà kankan tó máa wọ balùwẹ̀ yẹn báyìí, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ríìngì bọ garawa oníke, ẹ fojú fo gbogbo ìyókù ṣùgbọ́n ẹ ka èyí: ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan omi láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Pípa súìsì nìkan ò tó. Ẹ yọ ọ́.

Irú kan tún wà tó ń lo gáàsì. Èyí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wa lọ́kàn, torí kò bá iná ìjọba ṣe. Bátìrì kéékèèké méjì ló fi ń ṣáná, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bó ṣe ń kọjá nínú páìpù. Ọgbọ́n rẹ̀ kì í ṣe tòní. Ní 1868 ni Benjamin Waddy Maughan ti ṣe irú rẹ̀ ní London, ó sì sọ ọ́ ní Geyser. Tirẹ̀ ò ní ọ̀nà tí èéfín máa gbà jáde, inú yàrá ìwẹ̀ ló ń tú u sí. Ewu yẹn náà ló wà lónìí fún ẹni tó bá gbé e sínú balùwẹ̀ tó sì ti fèrèsé. Ẹ̀yin alágbàtọ́ òròmọdìẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbé ìkòkò èédú sí ilé òròmọdìẹ tí ẹ sì fi ọ̀rá dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ pa, ẹ ó bá wọn ní òkú láàárọ̀, láìsí ọgbẹ́ lára wọn. Afẹ́fẹ́ tó pa wọ́n kò ní òórùn, ènìyàn náà kì í gbọ́ ọ. Ìta, lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ni irú hítà yẹn ń gbé. Kò gbọdọ̀ wọlé.

Ohun tó dá wa dúró lórí rẹ̀ ni omi. Hítà tí kò ní táńkì ń fẹ́ kí omi fi agbára wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣáná. Táńkì tó ga ju ṣáwà lọ ní mítà 10 ló ń fún omi ní agbára bar 1. Tiwa fi mítà méjì péré ga ju ṣáwà lọ. Ẹ rò ó wò: bar 0.2. Àwọn kan nínú wọn lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní ṣe é. Kí a gbé táńkì ga sí i tàbí kí a ra ẹ̀rọ tí yóò máa ti omi, owó mìíràn nìyẹn, ẹ̀rọ náà á sì tún máa béèrè iná.

Ẹ tún wo ìdí kẹ́tùrù yín. Ilẹ̀ Ṣàgámù ní òkúta ẹfun nísàlẹ̀, òun náà ni wọ́n ń wà ṣe sìmẹ́ǹtì. Bí omi kànga yín bá ń fi nǹkan funfun lílé sílẹ̀ nídìí kẹ́tùrù, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú páìpù hítà náà, páìpù yẹn sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti kẹ́tùrù lọ.

A ò sọ pé ohun burúkú ni o. Ní Brazil, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ara ṣáwà gan-an ni iná wà, kò sí táńkì, tálákà àti olówó ló ń lò ó. Iná wọn ń dúró ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní báńdì A tí iná yín ń lé ní 200 ní ìdájí, tí áàtì yín pé, tí omi yín ń fi agbára jáde, ẹ rà á, ẹ jẹ̀gbádùn ara yín. Àmọ́ ẹ̀yin tó ní ẹ fẹ́ fi bó ìyẹ́ adìẹ tà, ẹ fi owó yín pamọ́. Omi ìbó-adìẹ ń fẹ́ nǹkan bíi dígírì 60, ọ̀pọ̀ hítà yìí á sì ti pa ara rẹ̀ kí omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, kó má baà bó ènìyàn. Àgbá àti sítóòfù gáàsì ńlá ni tiyín.

Ibi tí ìrònú wa wá ti yí padà nìyí. Iná wa kì í wà ní aago márùn-ún, ṣùgbọ́n ó máa ń wá lóru. Àárọ̀ tí a bá jí tí a ò bá iná, mítà á fi hàn pé ó wá ní aago kan, ó lọ ní aago mẹ́ta. Kí ni a máa ń ṣe fún omi ẹ̀rọ tó ń wá tó ń lọ? A máa ń pọn ọ́n sí àgbá. Hítà oní-táńkì, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó ti di ti àtijọ́, àgbá ni. Èyí tó jẹ́ lítà 30, wáàtì 1,500, á gbé omi láti 26 dé 60 ní bíi ìṣẹ́jú 48, á jẹ yúníìtì 1 àti díẹ̀. Bí iná bá jẹ́ 160, ó lè tó wákàtí kan ààbọ̀, ó ṣe tán, gbogbo wa ń sùn nígbà yẹn. Kò ń fa ju amp 7 lọ, kò sì béèrè kí táńkì ga. Lítà 30 tó wà ní 60, bí a bá fi omi tútù là á dé 40, á di lítà 73. Garawa mẹ́ta ààbọ̀ nìyẹn, Màmá àti àwọn ọmọ ti wẹ̀. Ooru á máa jò díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, torí náà tí a bá wẹ̀ tán, a ó pa á.

Ìyàwó wa ò gbà tán. Ó ní táńkì á gba ààyè, ó ní ti ọ̀rẹ́ òun rẹwà jù. Òótọ́ ló sọ. Ó tún béèrè ohun tó ń ro yẹn, èyí tó máa ń jáde lára fáàfù hítà oní-táńkì bí omi bá ń gbóná. Ìbéèrè dáadáa ni. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀, fáàfù yẹn ló ń fún un láyè. Plọ́ḿbà tó bá ní òun á dí i kó má baà tu ilẹ̀ tútù, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Táńkì tí kò rí ibi mí lè bú gbàmù.

Kí a tó rí owó rẹ̀ kó jọ, a ti ra fúláàsì ńlá méjì. Ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ìyàwó wa á hó omi, á rọ ọ́ sí i, a ó gbé e sínú balùwẹ̀ Màmá. Lítà mẹ́rin ààbọ̀ tó ṣì gbóná gan-an ní ìdájí ti tó láti la garawa kan. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Èyí dára. Èmi ni mo ṣì ń pò ó fúnra mi." Kẹ́tùrù ò rin ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá yẹn mọ́ láti ọjọ́ kẹta oṣù yìí.

Bọ̀dá oníwáyà ń bọ̀ ní Sátidé láti rì irin áàtì mọ́lẹ̀. Hítà á tẹ̀lé e bí a bá ta ẹ̀gẹ́ oko ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo èyí tí kò ní táńkì ní Ìpẹru, Ilíṣàn, Ìṣarà tàbí Òde-Rẹ́mọ, ẹ bá wa kọ ọ́ sísàlẹ̀: báńdì wo lẹ wà, fóltéèjì yín jẹ́ mélòó ní aago márùn-ún àárọ̀, yúníìtì mélòó ló sì ń lọ lóṣù?